Mo Tẹ̀ Ẹ́, Kò Ṣí

Ọjọ́ kẹrin, oṣù kejì

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú àárọ̀, ẹ kú ọ̀sán, ẹ kú ìrọ̀lẹ́. Mi ò mọ ìgbà tí lẹ́tà yìí máa tẹ̀ yín lọ́wọ́, ẹ bá mi mú èyí tó bá bọ́ sí àkókò nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ṣé ara le? Ṣé orókún yín àti àtẹ̀gùn ilé ti parí ìjà?

Ẹni tó gbé páálí yìí wá fún yín, ọ̀rẹ́ mi ni níbi iṣẹ́. Kọ̀ǹpútà ló wà nínú rẹ̀. Ọ́fíìsì wa fẹ́ dà á nù, wọ́n ní ó ti darúgbó. Mo ní kí wọ́n gbé e fún mi, mo mọ bàbá kan tí kò gbà pé ẹ̀rọ kankan ń darúgbó. Mo yọ gbogbo ohun tó wúwo nínú rẹ̀ kúrò, mo fi Línúùsì sí i. Línúùsì ni ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà náà láti inú wá. Ó fúyẹ́, kì í sì í yọ àgbàlagbà ẹ̀rọ lẹ́nu.

Ẹ mọ̀ pé fóònù ò gbà fún èmi àti ẹ̀yin. Tí mo bá béèrè orókún, òjò lẹ máa ń fi dá mi lóhùn. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì burúkú yẹn ni. Ìdí nìyẹn tí mo fi fọwọ́ ara mi ṣe áàpù kan sínú kọ̀ǹpútà yìí fún yín. Bí ẹ bá ti tàn án, ẹ máa rí bọ́tìnnì aláwọ̀ ewé kan, ó tóbi bí abọ́, wọ́n kọ WO ỌMỌ RẸ sí i. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, á ṣí bùráúsà, ìyẹn ojú ewé tí wọ́n fi ń wo íńtánẹ́ẹ̀tì, ẹ máa rí mi níbẹ̀, èmi náà á rí yín. Gbogbo ohun tí mo bá ń sọ á máa jáde ní kíkọ nísàlẹ̀ àwòrán, kí nẹ́tíwọ́ọ̀kì má baà rí wa mú.

Ẹ má bẹ̀rù rẹ̀ rárá. Èèyàn ọgbọ̀n ló ń pè mí lójúmọ́ níbi iṣẹ́ pé kọ̀ǹpútà àwọn kọṣẹ́. Àǹtí Ìwòsàn ni wọ́n ń pè mí. Tiyín ò lè ju agbára mi lọ.

Ní ti ohun tí mo sọ fún yín lórí fóònù lọ́dún tó kọjá, mi ò ní tún un sọ. Ẹ ti dá mi lóhùn, mo ti gbọ́.

Gbogbo ọjọ́ Àìkú, agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ lọ́dọ̀ yín, mo ti jókòó sídìí ẹ̀rọ tèmi.

Ọmọ yín


Ọjọ́ kejìlélógún, oṣù kejì

Ọmọ mi àtàtà,

Mo kí ọ o. Ilé ń kí ọ, àwòrán ìyá rẹ tó wà lára ògiri ń kí ọ. Orókún mi ní kí n sọ fún ọ pé ìjà ò tíì parí.

Ẹrù dé. Ọ̀rẹ́ rẹ ọmọlúàbí ni, ó gbé e gun àtẹ̀gùn wá bá mi lókè, ó sọ ọ̀rọ̀ púpọ̀, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ dáadáa.

Ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, mo fá irùngbọ̀n, mo wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, mo jókòó. Nígbà tí agogo mẹ́rin pé, mo tẹ bọ́tìnnì rẹ. Mo tẹ̀ ẹ́, kò ṣí. Mo ní bóyá ò ń múra lọ́wọ́, torí láti kékeré ni o ti máa ń pẹ́ níwájú dígí. Mo dúró dè ọ́. Mo wá ń rẹ́rìn-ín sí i, kí o má baà já lù mí ní fífajúro. Wákàtí kan àti ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni mo fi ń rẹ́rìn-ín sí bọ́tìnnì, ọmọ mi. Títí di ọjọ́ kejì ni ẹ̀rẹ̀kẹ́ fi ń dùn mí.

Iná kékeré tó wà lára ẹ̀rọ íńtánẹ́ẹ̀tì ń tàn, nítorí náà kì í ṣe ẹ̀bi tiẹ̀.

Má pè mí lórí fóònù nítorí èyí o. Fóònù yẹn ń dà mí láàmú. Má sì kọ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sórí rẹ̀, lẹ́tà ibẹ̀ kéré bí ẹsẹ̀ èèrà. Lẹ́tà orí ìwé ni kí o máa kọ, òun kì í já lójijì.

Bá mi kí ọkọ rẹ dáadáa. Sọ fún un pé mo ní kó máa tọ́jú rẹ.

Bàbá rẹ


Ọjọ́ kọkànlá, oṣù kẹta

Bàbá mi,

Ẹ kú ilé o. Ẹ pẹ̀lẹ́ fún ẹ̀rẹ̀kẹ́ yín.

Ẹ jẹ́ ká mú un lọ́kọ̀ọ̀kan, bí mo ṣe máa ń ṣe fún àwọn tó ń pè mí. Àkọ́kọ́, ẹ pa kọ̀ǹpútà náà, kí ẹ tún tàn án. Ẹ má rẹ́rìn-ín, ìdajì iṣẹ́ mi nìyẹn. Lẹ́yìn náà, ẹ wo bí ẹ ṣe ń tẹ bọ́tìnnì. Ẹ gbé ọfà orí ojú ẹ̀rọ lé e, kí ẹ fi ìka kan tẹ ẹ̀gbẹ́ òsì máòsì, lẹ́ẹ̀kan, fẹ́rẹ́. Ẹ má gún un, ẹ má sì fà á bí ẹni ń nu tábìlì.

Èyí tó wá ṣe pàtàkì jù: nígbà tí ẹ tẹ̀ ẹ́, ṣé ó ké? Mo fi ohùn kan sínú áàpù yẹn, tó bá ti rí ìṣòro, á ké píìn! bíi fèrè ọkọ̀. Tó bá ké, mo mọ ibi tí màá wò. Tí kò bá ké rárá, a jẹ́ pé bọ́tìnnì ò tilẹ̀ mọ̀ pé ẹnì kan fọwọ́ kan òun, tó fi hàn pé títẹ̀ yẹn ni kò tíì dáa tó.

Ẹ bá mi tẹ́tí sí i dáadáa.

Ìkíni tí ẹ fi parí lẹ́tà yín, mo rí i. Ó yé mi.

Ọmọ yín


Ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n, oṣù kẹta

Olùkọ́ mi,

Mo kí ọ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, nítorí ó jọ pé èmi ti di akẹ́kọ̀ọ́.

Ogójì ọdún ni mo fi tún taparáítà ṣe. Adájọ́ gbé tiẹ̀ wá, ọ̀gá ilé-ìwé gbé tiẹ̀ wá, àwọn akọ̀wé gbé tiwọn wá pẹ̀lú omijé lójú. Kò sí ọjọ́ kan tí mo sọ fún oníbàárà pé kó lọ pa á kó tún tàn án. Tí mo bá sọ bẹ́ẹ̀, á bi mí pé kí ni kí òun pa. Ìwọ ni wọ́n ń sanwó fún pé o ń sọ ọ́ ní ìgbà ọgbọ̀n lójúmọ́. Mo bí ọmọ re.

Ṣùgbọ́n mo gbọ́ràn. Mo pa á, mo tàn án. Mo fi ìka kan tẹ̀ ẹ́, fẹ́rẹ́, bí ẹni ń jí ọmọ ìkókó. Kò ṣí. Ní ti ohùn tí o wí, kò dún rárá. Kọ̀ǹpútà rẹ dákẹ́ bíi gbọ̀ngàn ìdánwò. Mo tẹ̀ ẹ́ ní ìgbà méjìléláàádọ́fà, mo ń fi pẹ́ńsùlù fa ìlà ọ̀kọ̀ọ̀kan sórí ìwé kí o má baà ní mo purọ́. Kò ké lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Nígbà tí mo rí i pé ọgbọ́n rẹ ti tán, mo ṣe ohun tí ọwọ́ mi mọ̀ ọ́n ṣe. Mo tú u. Fi ọkàn balẹ̀, mo kọ́kọ́ yọ iná rẹ̀. Mo fi búrọ́ọ̀ṣì kékeré gbọn inú rẹ̀. Ẹni tó ń lò ó tẹ́lẹ̀ ní ọ́fíìsì yín, bisikíìtì ló ń jẹ lé e lórí. Mo dì í padà, ó sì tàn. Nọ́ọ̀tì mẹ́ta ló ṣẹ́kù nínú àwo ife tíì mi. Mi ò mọ ibi tí wọ́n ti wá, kọ̀ǹpútà náà ò sì béèrè wọn.

Inú mi dùn pé ìkíni mi dé. Ọkọ rẹ ńkọ́, ṣé kò lè bá wa dá sí i? Mo mọ̀ ọ́n sí onísùúrù. Jẹ́ kó jókòó tì ọ́, kí ẹ jọ yẹ̀ ẹ́ wò. Bá mi kí i, ó kú ìtọ́jú rẹ.

Bàbá rẹ


Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹrin

Bàbá,

Mo kí yín.

Mo kọ́kọ́ fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa nọ́ọ̀tì mẹ́ta yẹn, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n fò ó.

Torí pé ẹ ní kò ké, mo gbà pé bọ́tìnnì ló kú. Òpin ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni mo fi tú áàpù yẹn palẹ̀ lọ́dọ̀ mi níbí, tí mo tún bọ́tìnnì kọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó ṣiṣẹ́. Mo tún un kọ lọ́nà mìíràn, ó tún ṣiṣẹ́. Mo ba apá kan jẹ́ lójú ara mi kí n lè rí bó ṣe ń kọṣẹ́, ó ké bí ewúrẹ́ tó há sẹ́nu ọ̀nà. Gbogbo ọ̀nà tí mo mọ̀ ló ń ké, àyàfi lọ́dọ̀ yín. Ọkùnrin tó jókòó tì mí níbi iṣẹ́ bi mí pé, "Àǹtí Ìwòsàn, aláìsàn wo lò ń tọ́jú láti oṣù tó kọjá?" Mo ní bàbá mi ni. Ó ní kí ló ṣe wọ́n? Mo ní wọn ò mọ bọ́tìnnì tẹ̀. Mo sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ẹ forí jì mí.

Ẹ wá ní kí n pe ọkọ mi kó wá jókòó tì mí.

Bàbá, kí ni mo ṣe fún yín? Lọ́dún tó kọjá, mo dúró sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ẹni ẹlẹ́ni pẹ̀lú àpótí méjì, mo pè yín, mo ń sunkún. Mo sọ fún yín pé ọkùnrin yẹn ti ní ìyàwó mìíràn níta, ìyẹn ti bímọ fún un, mo ti kó jáde nílé rẹ̀, mi ò sì mọ ibi tí mo máa gbà. Ẹ̀yin sì ní, "Ó dáa. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹ ṣeun o. Bá mi kí ọkọ rẹ." Mo gbé fóònù sílẹ̀, mo jókòó lórí àpótí. Láti ìgbà náà, kò sí lẹ́tà tí ẹ ò fi kí i. Ẹ kí i nínú lẹ́tà ọdún tuntun. Ẹ kí i lóṣù kejì, ẹ tún kí i lóṣù kẹta.

Tó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ kí n padà sọ́dọ̀ rẹ̀, ẹ sọ ọ́ gbangba. Tó bá jẹ́ pé ẹ fi ń bá mi wí ni, ó ti dé mi lára. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ ìkíni yẹn náà lẹ tún máa fi parí èsì lẹ́tà yìí, ẹ má kọ ọ́.

Ọmọ yín


Ọjọ́ kẹrìnlélógún, oṣù karùn-ún

Bàbá mi,

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ̀wé.

Mo ní kí ẹ má kọ ọ́, ẹ sì ṣe bí mo ṣe wí. Ọjọ́ tí mo ní kí ẹ ra àga tuntun, ẹ ò dá mi lóhùn. Ọjọ́ tí mo ní kí ẹ lọ wo orókún yín, ẹ ò gbọ́. Èyí tí mi ò ní lọ́kàn gan-an lẹ wá gbọ́ràn sí.

Gbogbo ọjọ́ Àìkú ni mo ṣì ń jókòó sídìí ẹ̀rọ ní àkókò wa. Mo mọ̀ pé kò lè ṣí. Mo kàn ń jókòó ni.

Ṣé ara yín yá? Ìyẹn nìkan ni kí ẹ sọ fún mi.

Ọmọ yín


Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, oṣù karùn-ún

Ọmọ mi,

Ara mi yá. Lẹ́tà rẹ wà lórí tábìlì mi láti nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Mo ti kọ èsì mẹ́fà, mo ti ya mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Mi ò mọ ibi tí mo ti máa bẹ̀rẹ̀, torí náà jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ látorí agboòrùn.

Nọ́ọ̀sì kan wà tó ń gbé yàrá ìsàlẹ̀. Lọ́jọ́ kejì tí mo ka lẹ́tà rẹ, ó gun òkè wá láti dá agboòrùn mi padà. Mo wà nídìí kọ̀ǹpútà, mo ń tẹ bọ́tìnnì, mo fẹ́ kí ó ṣí lọ́jọ́ yẹn ju ọjọ́kọ́jọ́ lọ. Bí mo ṣe tẹ̀ ẹ́, nọ́ọ̀sì fò sókè. Mo tún tẹ̀ ẹ́, ó fọwọ́ méjèèjì dí etí. Mo bi í pé kí ló dé. Ẹnu rẹ̀ ń mì. Mo ní, "Ó dáa, ẹ ṣeun." Ó wá mú pẹ́ńsùlù mi, ó kọ ọ́ sórí ìwé tí mo ń fa ìlà sí: "Bàbá, ẹ̀rọ yìí ń ké ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́. Gbogbo ilé ló ń gbọ́ ọ. Láti oṣù kejì. A rò pé ẹ mọ̀ọ́mọ̀ ń ṣe é ni."

Mo ka ìlà mi. Igba ó lé mẹ́rìnlá. Ọmọ mi, ìgbà igba ó lé mẹ́rìnlá ni mo fi fèrè ọkọ̀ rẹ dí ilé yìí lọ́wọ́. Àwọn ayálégbé ti mọ̀ pé bí agogo mẹ́rin ọjọ́ Àìkú bá ti ń sún mọ́lé, kí wọ́n ti fèrèsé. Mo sì kọ̀wé sí ọ pé ó dákẹ́ bíi gbọ̀ngàn ìdánwò.

Etí mi ti lọ. Ó ti ń lọ láti ọdún méjì sẹ́yìn, díẹ̀díẹ̀, mo sì ń díbọ́n. Nọ́ọ̀sì yìí ní òun ti ń kí mi láàárọ̀ fún ọdún kan gbáko, òun rò pé ìgbéraga ló ń yọ mí lẹ́nu. Ní ti fóònù, mo ní èsì mẹ́ta tí mo ń lò ní tẹ̀léǹtẹ̀lé: ó dáa, ẹ ṣeun, bá mi kí i. Ó máa ń bá ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọ̀rọ̀ mu, ẹnu á yà ọ́. Ẹni tó ń ta epo ìdáná pè mí nígbà kan, mo fi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dá a lóhùn. Lọ́jọ́ kejì ó já gálọ́ọ̀nù mẹ́fà sẹ́nu ọ̀nà mi, ó sì kí mi pé ìyàwó òun gbọ́ ìkíni.

Ìtìjú ni kò jẹ́ kí n sọ fún ọ. Etí ni mo fi tún taparáítà ṣe. Bí akọ̀wé bá ń táípù nínú yàrá kejì, mo máa ń mọ lẹ́tà tó fẹ́ kú látinú bó ṣe ń dún. Kí wọ́n wá máa sọ pé etí irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ di? Mo ní ó sàn kí wọ́n ní agídí ni.

Mo rántí ọjọ́ tí o pè mí yẹn. Mo gbọ́ ohùn kan tó jìnnà, ó ń lọ sókè, ó ń lọ sódò. Mo rò pé ò ń rẹ́rìn-ín ni. Inú mi dùn. Mo gbé fóònù sílẹ̀, mo yíjú sí àwòrán ìyá rẹ, mo sọ fún un pé ọmọ wa ń rẹ́rìn-ín.

Èyí ni mo fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọ, tí mo ń ya á.

Má padà sọ́dọ̀ rẹ̀. Mo ń sọ ọ́ gbangba bí o ṣe ní kí n sọ ọ́. Ìkíni tí mo kí i, ti ẹnu àti ti inú ìwé, mẹ́rin ni, mo gba gbogbo rẹ̀ padà. Dárí jì mí.

Àti pé ẹ̀rọ rẹ ń ké. Ó lè wúlò fún iṣẹ́ rẹ.

Bàbá rẹ


Ọjọ́ kẹrìndínlógún, oṣù kẹfà

Bàbá mi, olówó orí ìyá mi,

Ìdúró ni mo wà nínú ilé ìdáná ibi iṣẹ́ wa tí mo fi ka lẹ́tà yín. Nígbà tí mo dé ibi epo ìdáná, mo rẹ́rìn-ín débi pé tíì dà sí mi láṣọ. Nígbà tí mo dé ibi àwòrán ìyá mi, ọkùnrin tó jókòó tì mí wọlé wá, ó rí mi, ó ní òun máa padà wá tó bá yá.

Kò sí ohun tí ẹ fẹ́ kí n dárí rẹ̀ jì. Ẹ gbọ́ tèmi ná. Èèyàn ọgbọ̀n lójúmọ́ ni mò ń bi pé kí ni ẹ rí, kí ni ẹ gbọ́. Ọdún méjì ni bàbá mi fi ń fi òjò dá ọ̀rọ̀ orókún lóhùn, èmi ọ̀mọ̀wé sì ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni. Mo ṣe áàpù fún yín, mo wá fi ohùn nìkan sí i, mi ò kọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo sójú rẹ̀ tó máa sọ pé nǹkan ò lọ déédéé. Mo tún ní kí ẹ tẹ́tí sí i dáadáa! Tí akẹ́kọ̀ọ́ mi bá ṣe irú iṣẹ́ yìí, màá ní kó lọ kọ́ iṣẹ́ mìíràn.

Ẹ lọ rí dókítà etí. Ẹ jẹ́ kí nọ́ọ̀sì mú yín lọ, kí ẹ sì máa kí i láàárọ̀.

Ó yá, ẹ padà sídìí ẹ̀rọ. Bó ṣe ń ké yẹn, ó túmọ̀ sí pé bọ́tìnnì ò kú, títẹ̀ yín náà dáa, ó dáa ní gbogbo ìgbà igba ó lé mẹ́rìnlá. Bọ́tìnnì gbọ́ yín, ó sọ fún Línúùsì pé kó ṣí bùráúsà, Línúùsì ni kò rí i ṣí. Ẹ jẹ́ ká bi í pé bùráúsà wo ló rò pé òun ní. Ẹ tẹ Ctrl, Alt àti T pa pọ̀, ojú ewé dúdú kan á yọ. Ẹ táípù ìlà yìí síbẹ̀ bó ṣe wà, kí ẹ tẹ Enter:

xdg-settings get default-web-browser

Ohun tó bá dáhùn, ẹ dà á kọ sínú lẹ́tà fún mi. Ẹ má tú nǹkan kan.

Ọmọ yín


Ọjọ́ kejì, oṣù keje

Ọmọ mi,

Mo kí ọ. Ní ìkẹyìn, o fún mi ní iṣẹ́ tó yé mi.

Kí ló dé tí o ò sọ fún mi látìgbà yìí pé ojú ewé dúdú yẹn wà? Kò sí àwòrán, kò sí ọfà, kò sí máòsì. Taparáítà ni, àfi pé òun ń dáhùn. Mo táípù ìlà rẹ láìwo ọwọ́ mi, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kò sí àṣìṣe kan. Ta ló kọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ pàápàá? Ó dà bí ẹni pé ó ń yára kó má baà pàdánù ọkọ̀.

Ó dáhùn báyìí: awodi.desktop

Mo mọ̀ pé ẹyẹ ni àwòdì. Mo wá ẹyẹ yẹn nínú gbogbo àkójọ áàpù tó wà nínú ẹ̀rọ yìí látòkè délẹ̀, mi ò rí i. Mo rí ẹlòmíràn tí wọ́n ń pè ní Fìtílà. Mo tẹ̀ ẹ́, íńtánẹ́ẹ̀tì ṣí wàì, mo yára pa á kó má baà jẹ́ pé mo ti ba nǹkan jẹ́. Èmi ò mọ kọ̀ǹpútà o. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ taparáítà ni, màá ní ẹ̀rọ yìí ń lọ kan ilẹ̀kùn ẹni tó ti kó jáde. Ta ló lé Àwòdì lọ?

Mo ti rí dókítà etí. Ó ní ìdajì jẹ́ ọjọ́ orí, ìdajì yòókù jẹ́ ìdọ̀tí. Ó fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ fọ̀ ọ́. Ohun tó jáde, mi ò lè kọ ọ́ sínú lẹ́tà ọmọ ẹni. Ogójì ọdún ni mo fi ń bá àwọn akọ̀wé jà pé kí wọ́n máa gbọn eruku ẹ̀rọ wọn! Mo ti ń gbọ́ díẹ̀. Aago ara ògiri tún ń dún. Mo ti rò pé ó ti kú, mo ti tú u lẹ́ẹ̀mejì. Ní ti ìdajì tó jẹ́ ọjọ́ orí, wọ́n ń ṣe ẹ̀rọ kékeré kan fún mi, a ń retí rẹ̀.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ bi ọ́. Lọ́jọ́ tí o pè mí yẹn, níbo lo sùn? Ta ló gbà ọ́ sílé? Yàrá wo lo wà báyìí, ṣé ó láàbò? Kọ gbogbo ohun tí o sọ lọ́jọ́ náà, látìbẹ̀rẹ̀. Mo fẹ́ gbọ́ ọ.

Bàbá rẹ


Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù keje

Bàbá mi,

Èmi ni. Èmi ni mo lé Àwòdì lọ.

Ọjọ́ tó ku ọ̀la kí n di páálí yẹn ni mo wò ó pé Àwòdì wúwo, pé á jẹ́ kí ẹ̀rọ yín máa falẹ̀. Mo yọ ọ́ kúrò, mo fi Fìtílà rọ́pò rẹ̀, inú mi dùn sí ara mi. Mi ò rántí sọ fún Línúùsì pé ẹni tuntun ti dé. Láti oṣù kejì ló ti ń pe ẹni tí kò sí. Mo fi oṣù márùn-ún bá ìka yín wí, mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bá eruku àti nọ́ọ̀tì wí, ẹ̀bi mi sì jókòó síbẹ̀ láti òwúrọ̀ ọjọ́ tí mo fi gọ́ọ̀mù di páálí. Nígbà tí mo sọ ọ́ níbi iṣẹ́, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún yín. Ọ̀gá mi ní tí ẹ bá ń wá iṣẹ́, kí ẹ kọ̀wé.

Ẹ ní kí n kọ ohun tí mo sọ lọ́jọ́ náà. Mo ti kọ ọ́ sínú ìwé mẹ́rin tó tẹ̀ lé èyí, ẹ fara balẹ̀ kà á. Kí ẹ tó kà á, ẹ mọ̀ pé mo láàbò. Yàrá kan ni mo gbà, nílé obìnrin kan tó ń rán aṣọ. Fèrèsé rẹ̀ kọjú sí ibi tí oòrùn ti ń yọ. Ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ ló ń jí mi láàárọ̀.

Ẹ padà sójú ewé dúdú, kí ẹ táípù èyí:

xdg-settings set default-web-browser fitila.desktop

Lẹ́yìn náà, ẹ dúró de ọjọ́ Àìkú.

Ọmọ yín


Ọjọ́ kọkànlá, oṣù kẹjọ

Ọmọ mi,

Mo ka ìwé mẹ́rin náà lẹ́ẹ̀mẹta. Mi ò ní sọ̀rọ̀ púpọ̀ lé e lórí. Bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ obìnrin tó ń rán aṣọ.

Mo mọ̀ pé a ti ríra lọ́jọ́ Àìkú, pé kò yẹ kí n tún máa kọ lẹ́tà. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí mi ò rí sọ lójú ẹ̀rọ yẹn.

Mo táípù ìlà kejì tí o fún mi, Línúùsì ò dáhùn nǹkan kan. Mo rò pé mo ti ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Nígbà tí agogo mẹ́rin lù, mo tẹ bọ́tìnnì, ojú ewé funfun sì ṣí gbayawu. Mo kọ́kọ́ rí aṣọ ìnura tí o fi kọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Lẹ́yìn náà ni mo rí ọ. O ti gé irun rẹ. O ti rù díẹ̀. Àgbọ̀n rẹ ti di ti ìyá rẹ, mi ò mọ̀ pé ojú rẹ ti ń lọ síbẹ̀. Ẹnu rẹ ń mì, ọ̀rọ̀ sì ń jáde nísàlẹ̀, gàdàgbà, mo ń kà á: "Bàbá mi, ẹ káàbọ̀. Bàbá mi, ṣé ẹ ń rí mi?"

O dúró. O tún bi mí. O sún mọ́ ojú ẹ̀rọ, o fajú ro, mo sì kà á nísàlẹ̀ pé: "Àwòrán yín ti gan. Ẹ má fọwọ́ kan nǹkan kan, mò ń tún un ṣe." Mo ń wò ọ́ bí o ṣe tẹ ibí, tí o tẹ ọ̀hún, tí o bẹ̀rẹ̀ wo ìdí wáyà, tí ò ń wá ohun tó bàjẹ́ kiri.

Kò sí ohun tó bàjẹ́. Àwòrán ò gan. Èmi ni mi ò lè mira.

Bàbá rẹ